Ẹ Má Tíì Gé Ọ̀pẹ Yẹn: Ibi tí Akọ àti Abo Ń Gbé lórí Igi

Ohun tí a sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, àti ẹ̀yin tí dátà yín ti ń parí lọ.

  Bí ẹ bá ti ki íápíìsì bọ etí, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ohùn náà kò gùn, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ní ilé bàbá bàbá òun wà nísàlẹ̀ Mápó, ọ̀pẹ kan sì wà lẹ́yìnkùlé ibẹ̀ kí wọ́n tó bí òun. Ó ní àwọn ti jẹ ẹyìn rẹ̀ rí, ìyá òun ti fi se ọbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì báyìí, ọ̀pẹ náà kò so ẹyọ kan. Ohun tó ń yọ lára rẹ̀ kò ju ohun kan tó rí bí ìka ọwọ́ púpọ̀ tí a dì pọ̀, tí ń da lẹ́búlẹ́bú sára aṣọ tí wọ́n bá sá sábẹ́ rẹ̀. Ẹbí ti ṣèpàdé. Wọ́n ní ọ̀pẹ náà ti di akọ. Wọ́n ti bá agégi sọ̀rọ̀, Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Ìbéèrè tí àbúrò wa yìí wá béèrè ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé bí ọ̀pẹ bá ti di akọ, kì í so mọ́?"

Mo gbé ìbéèrè náà sínú ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp. Ẹ mọ̀ wá, kò pẹ́ tí èsì fi ń wọlé wìtìwìtì. Ẹnìkan kọ ọ́ pé: "Ẹ má fi àkókò ṣòfò, mo ti wò ó lórí Google. Lórí igi, òkè ni abo máa ń wà, ìsàlẹ̀ ni akọ máa ń wà. Kí ẹ gbójú sókè wò ó. Bí ẹ kò bá ti rí abo lókè, ẹ gé e." Ó wá fi fọ́tò kan tì í lẹ́yìn, àwọn èèyàn sì ń tẹ àtàǹpàkò sí i pé ó sọ ọ́ ire.

Nígbà tí mo wo fọ́tò náà, àyà mi já. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn kò parọ́ o. Ohun tó kà jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà lé lórí kọ́ ni igi tó wà lẹ́yìnkùlé nísàlẹ̀ Mápó. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tòní rọrùn, kò ju ẹyọ kan lọ: kí a tó dájọ́ fún igi, kí a mọ ibi tí akọ àti abo rẹ̀ ń gbé, kí a sì mọ ìgbà tí wọ́n ń jáde.

Òkè àti ìsàlẹ̀: ọ̀nà tí paini ń gbà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti igi inú fọ́tò yẹn. Paini ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra ohun ọ̀ṣọ́ Kérésì ti rí èso rẹ̀ rí: ohun gbígbẹ kan tí ìpẹ́ bò láti òkè délẹ̀ bí ara akika. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, kò sí paini kan tó hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí, èèyàn ló gbé e wá gbìn. Òmíràn sì wà tí àwa ń pè ní paini tí kì í ṣe paini rárá: igi tí ń súfèé nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọba nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́. Casuarina ni ìyẹn, ìdílé rẹ̀ ọ̀tọ̀.

Paini kì í tanná. Ohun tó ń yọ ni wọ́n ń pè ní kóònù, oríṣi méjì ló sì wà, akọ àti abo. Kóònù akọ kéré, ó rọ̀, ìṣùpọ̀ ìṣùpọ̀ ló ń yọ nídìí ọ̀mùnú tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kó gbẹ, kó sì já bọ́. Kóònù abo ni èyí tí a mọ̀, onípẹ̀ẹ́ líle yẹn. Inú rẹ̀ ni irúgbìn wà, ó sì lè tó ọdún méjì kó tó gbó. Lára ọ̀pọ̀ paini, abo máa ń pọ̀ lórí àwọn ẹ̀ka òkè, níbi tí oòrùn ti ń tàn dáadáa tí oúnjẹ sì pọ̀. Akọ máa ń pọ̀ lórí àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kà nìyẹn.

Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mápó. Gbogbo wa la mọ Mápó Hall, ilé olópòó ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929, tó jókòó sórí òkè bí ẹni tí ń ṣọ́ ìlú. Ẹ dúró nísàlẹ̀ òkè yẹn, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ kan, kí ẹ fẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́. Ṣé yóò gòkè tààrà lọ bá ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà Mápó Hall? Rárá o. Atẹ́gùn yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, bóyá sọ́nà Bẹ́ẹ̀rẹ̀, bóyá sọ́nà Ọjà'ba, kó lọ ba aṣọ ẹlòmíràn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti paini. Ó ṣòro fún lẹ́búlẹ́bú tó wá láti ìsàlẹ̀ láti gòkè lọ bá abo tó wà lórí igi kan náà. Atẹ́gùn yóò gbé e lọ bá abo orí igi mìíràn.

Ohun tí igi náà sì ń wá gan-an nìyẹn. Bí lẹ́búlẹ́bú paini bá bọ́ sínú abo ara rẹ̀, púpọ̀ nínú irúgbìn tó máa jáde yóò jẹ́ òfìfo, èyí tó bá hù kì í sábà lágbára. Òfin yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nílé tiwa náà, kí wọ́n tó gbà kí ọmọ fẹ́ra, ohun tí àwọn àgbà máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Agboolé wo lọmọ yìí ti wá?" Wọn kò fẹ́ kí ọmọ ìyá fẹ́ ọmọ ìyá. Paini náà kò fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òfin òkè àti ìsàlẹ̀ yìí ló ń darí gbogbo igi. Ẹ wo àgbàdo tí ẹ ń jẹ nínú ọkọ̀. Ohun tó rí bí ìrùkẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ténté, akọ nìyẹn. Ọmọ àgbàdo tó ní irun, tó so lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, abo nìyẹn. Akọ lókè, abo nísàlẹ̀: ó dojú ti paini bolẹ̀. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ àgbàdo ló ní ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́ fún. Èyí tí lẹ́búlẹ́bú kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹyọ tirẹ̀ kò ní gbó. Ìdí kan nìyẹn tí ẹ fi ń ra àgbàdo nígbà mìíràn, tí ẹ ó ṣí i wò tí eyín rẹ̀ ti ká.

Ẹ wo ìbẹ́pẹ. Ti ìyẹn tún yàtọ̀. Igi ìbẹ́pẹ kan lè jẹ́ akọ látòkè délẹ̀, kí òdìkejì rẹ̀ jẹ́ abo, kí òmíràn sì ní méjèèjì pọ̀. Akọ ìbẹ́pẹ ni èyí tí ìtànná rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lórí okùn gígùn. Ti abo máa ń lẹ̀ mọ́ ara igi. Ìrókò náà, igi ọ̀tọ̀ ni akọ, igi ọ̀tọ̀ ni abo. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé, "Akọ ìbẹ́pẹ ni èyí," ọ̀rọ̀ gidi ló sọ.

Àṣìṣe wa ni pé a mú ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ, a gbé e lé ọ̀pẹ lórí. A tún wá mú ọ̀rọ̀ paini láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, a fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọ̀pẹ kì í pín ibi, ìgbà ló ń pín

Ẹ gbọ́ ti ọ̀pẹ wàyí. Bí ẹ bá wo imọ̀ ọ̀pẹ kan, ibi tí ìdí rẹ̀ ti so mọ́ ara igi, ẹ ó rí i pé ó ní abíyá, bí apá èèyàn ṣe ní abíyá. Nínú abíyá imọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ ohun kan ṣoṣo ló wà tó lè yọ. Ohun náà lè di akọ, ó lè di abo, ó sì lè gbẹ sínú kó má di nǹkan kan. Ọ̀pẹ tó ti dàgbà ń yọ imọ̀ bíi méjì lóṣù, nǹkan bí 20 sí 25 lọ́dún. Ẹ wá rí i: abíyá tó gbé akọ àti abíyá tó gbé abo kò yàtọ̀ síra. Orí igi kan náà ni, ibi kan náà ni. Kò sí pé ẹni báyìí lókè, ẹni báyìí nísàlẹ̀.

Ohun tó yàtọ̀ ni ìgbà. Ọ̀pẹ máa ń ṣe sáà akọ, kó tó bọ́ sí sáà abo. Ó lè fi ọ̀pọ̀ oṣù yọ akọ lẹ́yìn akọ, kó sì wá fi ọ̀pọ̀ oṣù yọ abo lẹ́yìn abo. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí akọ àti abo orí ọ̀pẹ kan là lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí tiwa bá wà ní sáà akọ, tará ilé kejì lè wà ní sáà abo. Ohun tí paini ń fi òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe, ọ̀pẹ ń fi oṣù àti ọdún ṣe é. Òfin kan náà ni àwọn méjèèjì ń pa mọ́: kí ọmọ ìyá má fẹ́ ọmọ ìyá.

Igbà ni akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ìgbà ni èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wo ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì wò ó.

Apá tó ṣe pàtàkì jù fún ẹbí nísàlẹ̀ Mápó ló kàn. Kí ìtànná tó là, nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú, nígbà tó ṣì kéré bíńtín nínú orí ọ̀pẹ, ni ọ̀rọ̀ ti parí bóyá akọ ni yóò jẹ́ tàbí abo. Bí omi bá wọ́n lásìkò náà, bí ọ̀dá bá mú, bí ilé gíga bá bo oòrùn mọ́ ọn lójú, tàbí bí wọ́n bá gé imọ̀ rẹ̀ ní àgéjù, akọ ló máa pọ̀ jù. Ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Ìnáwó akọ kò pọ̀: kó tanná, kó tú lẹ́búlẹ́bú fún bí ọjọ́ márùn-ún, kó gbẹ. Abo ni ìnáwó ńlá. Nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni yóò fi máa bọ́ ìdì ẹyìn, ìdì ńlá kan sì lè tó kílò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú epo nínú rẹ̀. Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kì í pe àlejò ogún.

Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọdún méjì kí ìtànná tó là, ìdajì ọdún kí ẹyìn tó pọ́n. Èyí ni pé ẹyìn tí wọ́n ń fi ṣe epo tí ẹ ń rà ní Ọjà'ba lónìí, òjò tó rọ̀ tàbí tí kò rọ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ sẹ́yìn wà lára ohun tó pinnu iye rẹ̀. Bí epo bá wọ́n, a máa ń bínú sí ìyá elépo. Ìyá elépo kọ́ ló dá ọ̀dá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kí àbúrò wa rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ronú, ó ní, "Há! Ọdún yẹn la ṣe ìgbéyàwó méjì àti òkú àgbà kan nínú ilé." Mo ní kí ni wọ́n fi ṣe ẹnu géètì lọ́ṣọ̀ọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Imọ̀ ọ̀pẹ ni. Ìgbà mẹ́ta lọ́dún kan ni wọ́n gun ọ̀pẹ náà tí wọ́n gé imọ̀ rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀, títí ó fi ku ìwọ̀nba díẹ̀ lórí. Imọ̀ sì ni ilé ìdáná ọ̀pẹ. Ibẹ̀ ló ti ń fi oòrùn se oúnjẹ. N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ohun tó fa sáà akọ yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wó ilé ìdáná èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ẹ má ya ẹnu bí kò bá gbé abọ́ síwájú yín.

Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbóná lórí ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Bẹyẹrúnká ni wọ́n ti tọ́ mi. Epo ni ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ń tà ní Ọjà'ba. Kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì ló ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará oko, tí yóò máa fi ìgò wọ̀n ọ́n fún oníbàárà. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìnkùlé wa. Ẹyìn rẹ̀ kò tó tà, ti ọbẹ̀ ilé ni, àwa ọmọdé sì máa ń fọ́ ekùrọ́ rẹ̀ jẹ. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọ̀pẹ náà wọ sáà akọ. Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Wọ́n ní igi tí kò so, kí ló ń gba àyè lọ́wọ́ èèyàn fún? Ìyá àgbà bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó tún ṣe ọdún kan sí i." Kò sẹ́ni tó gbọ́. Àáké ni wọ́n fi gé e nígbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Nígbà tó wó tán, adẹ́mu kan wá gbẹ́nu sí i láti da ẹmu rẹ̀. Bó ti ń la àárín imọ̀ láti wá ojú ibi tí yóò gbẹ́, ó rí ohun kan nínú abíyá imọ̀, ohun tó ṣì wà nínú èèpo, tó rí bí ọmọ tí wọ́n dì mọ́ ọ̀já. Ó fi ọ̀bẹ là á. Ẹ̀gún kún inú rẹ̀. Ó wo ìyá àgbà lójú. Ó ní, "Ìyá, abo ni èyí." Ó la ẹlẹ́ẹ̀kejì, abo ni. Ó la ẹlẹ́ẹ̀kẹta, abo ni. Ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ọdún yìí náà ni ì bá bẹ̀rẹ̀."

Ìyá àgbà kò pariwo. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fi ìborùn wọn wé e, wọ́n sì wọlé lọ. Títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn fi ṣú, wọn kò bá wa sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní, wọ́n ń ta káàdì fóònù nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níbẹ̀, ohùn adẹ́mu yẹn ló máa ń wá sí mi létí.

Akọ kì í ṣe òfò: ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Malaysia

Ẹlòmíràn á ní, "Ó dáa, ó máa bọ́ sí sáà abo lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ní báyìí tó jẹ́ akọ, kí ni ìwúlò rẹ̀?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà jíjìn lọ dáhùn rẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ wa ni ọ̀pẹ, níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1848, wọ́n gbin ọmọ ọ̀pẹ mẹ́rin sí ọgbà kan ní Bogor, ní orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Indonesia lónìí. Láti ibẹ̀ ni ìran ọ̀pẹ ti tàn kálẹ̀ ní agbègbè náà. Ní 1917, Malaysia dá oko ọ̀pẹ ńlá àkọ́kọ́ tiwọn sílẹ̀. Igi wọn dàgbà, ó dúró dáadáa. Akọ ń yọ, abo ń yọ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdì ẹyìn kì í kún. Wọ́n ní láti gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa kó lẹ́búlẹ́bú akọ jọ, tí yóò sì máa fẹ́ ẹ sára abo, láti ìdí ọ̀pẹ kan dé òmíràn, nínú oko tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Owó kékeré kọ́ o.

Ohun tí gbogbo ayé gbàgbọ́ nígbà náà ni pé atẹ́gùn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọ̀pẹ, bó ti ń ṣe é fún paini. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Unilever ní oko ní Malaysia, wọ́n sì ní oko ní Cameroon, níbi tí ọ̀pẹ ti ń so láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ nǹkan sí i. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kòkòrò kan, ọmọ Pakistan, tó ń jẹ́ Rahman Syed, lọ sí Cameroon láti lọ wò ó. Ohun tó rí ni kòkòrò kékeré kan, onímú gígùn, tó jọ kòkòrò inú ẹ̀wà. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Elaeidobius kamerunicus ni orúkọ rẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nígbà tí akọ ọ̀pẹ bá là, ó máa ń ta òórùn kan sánsán. Òórùn yìí ló ń pe kòkòrò náà. Ó wá, ó jẹun, ó yé ẹyin sínú ìtànná akọ, inú akọ tó ti ṣiṣẹ́ tán náà ni ọmọ rẹ̀ ń gbé tó ń jẹ títí yóò fi dàgbà. Lẹ́búlẹ́bú sì ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ara rẹ̀. Nígbà tí abo bá wá là lórí ọ̀pẹ mìíràn, òun náà á ta òórùn tó jọ ti akọ, fún ìgbà díẹ̀. Kòkòrò á sáré lọ, á rò pé oúnjẹ wà níbẹ̀. Kò sí oúnjẹ kankan. Kó tó mọ̀ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì, lẹ́búlẹ́bú ti bọ́ lára rẹ̀ sára abo. Ẹ ò rí i pé abo ọ̀pẹ ti ń ṣe Yahoo kí wọ́n tó dá Yahoo sílẹ̀?

Ní 1981, wọ́n kó kòkòrò náà láti Cameroon, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó má baà di àjàkálẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ nínú oko ọ̀pẹ Malaysia. Láàrin ìgbà díẹ̀, ìdì ẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í kún, iṣẹ́ fífi ọwọ́ fẹ́ lẹ́búlẹ́bú sì kásẹ̀ nílẹ̀. Kòkòrò kan náà yìí wà lára ọ̀pẹ tiwa níbí, láìsan kọ́bọ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè yín ti dé. Sáà akọ ni ilé ìgbé àti ilé oúnjẹ kòkòrò yìí. Ọ̀pẹ tó wà ní sáà akọ lẹ́yìnkùlé yín ló ń bọ́ kòkòrò tí yóò jẹ́ kí ti ará ilé kejì so. Lọ́jọ́ tí tiyín bá bọ́ sí sáà abo, akọ tiwọn ni yóò san án padà. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí adúgbò bá wá gé gbogbo ọ̀pẹ tó bá ti wà ní sáà akọ, ọ̀pẹ tó kù yóò tanná abo, kò ní rí ẹni dá a lóhùn.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe?

Àkọ́kọ́, kí ẹ pe akọ̀pẹ kó tó di pé ẹ pe agégi. Akọ̀pẹ tó mọṣẹ́ yóò gòkè, yóò wo abíyá àwọn imọ̀ àtijọ́. Bó bá rí kùkùté ìdì ẹyìn tó ti gbẹ níbẹ̀, ẹ̀rí nìyẹn pé ọ̀pẹ náà ti ṣe sáà abo rí, ó sì lè tún ṣe é. Ti àbúrò wa kò tilẹ̀ nílò ẹ̀rí, wọ́n ti jẹ ẹyìn rẹ̀ rí.

Èkejì, kí ẹ fi fóònù yín ṣiṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò orí ọ̀pẹ náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti ojú kan náà. Fóònù yóò fúnra rẹ̀ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ó mọ̀ ju ohun tí ìpàdé ẹbí kan lè sọ fún yín lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ yé gé imọ̀ tútù. Èyí tó bá ti gbẹ, tó ti wọ́ sísàlẹ̀, ẹ lè gé ìyẹn. Ẹ da ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sídìí rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí omi máa dé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ẹ ní sùúrù, nítorí ohun tí ẹ bá ṣe fún un lónìí, ọdún méjì sí mẹ́ta ni yóò tó fi hàn yín.

Ẹ̀kẹrin, kí n má tan yín. Ẹ̀yà ọ̀pẹ kan wà tí ekùrọ́ rẹ̀ kì í ní èèpo líle. Abo rẹ̀ sábà máa ń rà dànù kó tó gbó. Ìyẹn kò ní wúlò fún ìyá tó fẹ́ se epo. Bákan náà, bí ọ̀pẹ bá ti fì sórí òrùlé, tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà, ẹ̀mí èèyàn ló ṣáájú, ẹ gé e. Ṣùgbọ́n ẹ gé e nítorí òrùlé. Ẹ má gé e nítorí pé ó jẹ́ akọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbin tuntun, NIFOR wà nítòsí ìlú Benin, ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí ọ̀pẹ láti 1939. Ẹ béèrè irúgbìn tó dáa lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò wa ní bàbá òun sọ pé àwọn yóò gbọ́ ètò yìí kó tó di Sátidé. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá wa nísàlẹ̀ Mápó, mo dọ̀bálẹ̀. Ilé yín ni, igi yín ni, àṣẹ yín ló sì máa ṣẹ. Ohun tí mo ń tọrọ kò ju ohun tí ìyá àgbà tọrọ ní Bẹyẹrúnká lọ: ẹ jẹ́ kó tún ṣe ọdún kan sí i. Bó bá so, ẹ fi ẹyìn àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa.

Ẹ̀yin tó kù, bí ọ̀pẹ bá wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ lọ wò ó lónìí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká ka iye tó wà ní sáà akọ àti iye tó wà ní sáà abo ládùúgbò wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tó tún pàdé. Ó dàbọ̀ o.